Àtẹ̀gùn Tí Ládépọ̀ Kọ́ fún Ẹja

Ládépọ̀ Oyèkànmí kò bu irọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ odò rẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí gbogbo Okokomáíkò fi gbà pé onírọ́ ni. Ká ní ó ń sọ pé òun fi ọwọ́ òsì pa ẹja tó tó ọkọ̀ mólúè ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín, wọn ì bá sì ra mínírà tútù fún un. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ló ń gbé kiri, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Bíríkìlà ni. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Ìbà Housing Estate, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ògiri ibẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn parí tí kò rí òmíràn, ó bá ọkọ̀ ojú omi kan lọ, ó ní òun á máa nu ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì tó ń nù náà ló kú sí etí òkun Nọ́wè, ìlú òyìnbó kan tó wà lókè réré, níbi tí òtútù gan-an ti ń wá. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà di àwátì. Àgbẹ̀ arúgbó kan tí ilẹ̀ rẹ̀ wà létí odò kékeré kan ló gba Ládépọ̀ sílé. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀. Màálù rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé àlejò òun mọ símẹ́ǹtì í pò, ó mú un lọ síbi tí odò ti ń já láti orí àpáta, ó sì nawọ́ sí iṣẹ́ kan fún un. Iṣẹ́ yẹn ló wá di ìjọ̀ngbọ̀n fún Ládépọ̀ nígbà tó padà dé Èkó, nítorí àtẹ̀gùn ni, àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́ fún ẹja.

Láti ìgbà tí yìnyín ń yọ́ títí di ìgbà tí ewé ń já ló fi tún àtẹ̀gùn náà ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ọ̀nà dá a padà sílé pẹ̀lú súwẹ́tà onírun àgùntàn tí ìyàwó àgbẹ̀ náà hun fún un. Súwẹ́tà yìí nìkan ṣoṣo ni ẹ̀rí tó ní. Nítorí náà, ìgbàkígbà tó bá fẹ́ sọ ìtàn odò rẹ̀, yóò kọ́kọ́ gbé e wọ̀, bí oòrùn Èkó tilẹ̀ ń ta gbogbo ayé lágbárí. Àágùn á máa wọ́ ọ lójú, á sì máa sọ̀rọ̀ yìnyín. Báwo ni wọn ò ṣe ní pè é ní Bàbá Nọ́wè?

Lábẹ́ igi fúrúùtù kan ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí àwọn bíríkìlà ti ń dúró de iṣẹ́ láàárọ̀, ló ti máa ń sọ ọ́.

"Ẹ mú un pé Ìgàndò ni odò náà ti ṣẹ̀," ni yóò wí. "Orí òkè ni. Ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó tín-ín-rín, ẹ lè fò ó. Ó dé Ìbà, ó di adágún, omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹja ibẹ̀ kéré, àmì pupa tótòtó wà lára rẹ̀. Ó kúrò ní Ìbà, ó dé ibi tá a wà yìí, ó já lulẹ̀ láti orí àpáta. Láti ibí ó rọra ń lọ sí Volks. Ẹja gígùn tó dà bí ejò wà nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀. Ó dé Navy Town, ó bọ́ sínú òkun."

"Àwọn nefi ò dá a dúró ní gétì?" ni ẹnì kan yóò bi í.

"Odò ni mò ń sọ."

"Àwọn nefi tí mo mọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bi í ta ló fẹ́ rí."

Ládépọ̀ á mú sùúrù. Á wá sọ ọ́ dé orí ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní sámọ́ǹ, tó jẹ́ pé inú odò ni wọ́n ti bí i, tó lọ wá jíjẹ mímu lókun, tó sì ń gbóòórùn odò tí wọ́n bí i sí títí tó fi padà délé. Wọ́n á gba èyí. Bàbá kan tilẹ̀ sọ pé ẹja náà mọlé ju ọmọ òun tó wà ní London lọ. Ṣùgbọ́n tí Ládépọ̀ bá ti sọ pé ẹja náà dé ibi àpáta, tó sì gba orí àtẹ̀gùn gòkè, kálukú á dìde, á gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀ nù, á sì rántí pé òun níbi tí òun ń lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dìde. Àbíkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, opó ni, pańla ló ń tà ní Okokomáíkò. Lọ́jọ́ tí Ládépọ̀ kọ́kọ́ dé ìsọ̀ rẹ̀, ó mú pańla kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ẹni rí ará ilé.

"Ìlú tí mo gbé rí ni ẹja yìí ti wá," ni ó wí.

Àbíkẹ́ ti gbọ́ oríṣiríṣi. "Gbogbo oníbàárà ló mọ ibi tó ti wá, kí n ṣáà lè dín owó rẹ̀ kù."

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe láti odò mi o. Ẹja òkun ni eléyìí. Odò mi ò ní pańla."

Àbíkẹ́ wò ó. Kò rí ọkùnrin rí tó láǹfààní láti purọ́ fún obìnrin tí kò lò ó. Ó gbé àpótí fún un pé kó jókòó. Ládépọ̀ jókòó, ó sọ̀tàn odò náà láti Ìgàndò dé Navy Town, ó sì dé orí àtẹ̀gùn. Ó dúró, ó ń retí pé kí obìnrin náà dìde. Àbíkẹ́ ń lé eṣinṣin.

"Èyí tó bá wá rẹ̀ láàárín àtẹ̀gùn ńkọ́?" ló bi í. "Ṣé ó máa ń rí ibi sinmi?"

Láti ìgbà tí Ládépọ̀ ti ń sọ ìtàn náà, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yìí rí. Ó ṣàlàyé fún un pé inú àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan jin bí abọ́, pé omi dúró síbẹ̀, pé ẹja á dúró sínú rẹ̀ títí agbára á fi padà wọlé. Bó ṣe ń ṣàlàyé ló ti mọ̀ pé òun á fẹ́ obìnrin yìí. Ìfẹ́ náà mú un gan-an, kò ṣeé fi pamọ́. Kò pẹ́ tí Àbíkẹ́ náà fi ń ra mínírà tútù sílẹ̀ dè é.

Ìdílé Májẹ́kódùnmí láti ìhà Abẹ́òkúta ni Àbíkẹ́ ti wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Bàṣírù, tó ń ta rédíò àti sípíkà ní Alaba, ló dúró bíi bàbá fún un. Alhaji kórìíra irọ́ bí ológbò ṣe kórìíra omi. Bí oníbàárà bá bi í bóyá rédíò kan á pẹ́, á ní, "Mi ò mọ̀, mi ò gbénú rẹ̀." Èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Ládépọ̀ lọ bá lọ́sàn-án gangan, nínú oṣù kẹta ọdún 1991, pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn.

Alhaji gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní ife omi méjì nítorí àágùn tó ń da bò ó. Ó bi í ní iṣẹ́, Ládépọ̀ sọ. Ó bi í níbi tó ti ṣiṣẹ́ rí, Ládépọ̀ tẹ́ odò sílẹ̀ láti Ìgàndò dé Navy Town, Alhaji sì ń mirí.

"Kí ni ẹ wá ń bá wọn ṣe níbẹ̀?"

"Àtẹ̀gùn ni mo bá wọn tún ṣe, Alhaji."

"Ilé alájà mélòó?"

"Kì í ṣe ti ilé. Ti ẹja ni."

Alhaji nawọ́, ó pa rédíò tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pa ìkejì. Nígbà tí ìsọ̀ náà dákẹ́ rọ́rọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Ládépọ̀ tún un sọ. Òtítọ́ ni, kí ni ì bá tún sọ?

"Ọ̀gá Ládépọ̀," ni Alhaji wí, "ẹ̀sìn kọ́ ni wàhálà mi. Kìrìsìtẹ́nì ni yín, a ní wọn nínú ẹbí. Bíríkìlà ni yín, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọkọ tí Àbíkẹ́ kọ́kọ́ fẹ́, kí Ọlọ́run forí jì í, irọ́ ló ń jẹ lóúnjẹ. Ó ní òun nílé n'Ìbàdàn. Nígbà tó kú la lọ wá ilé náà, a bá ilẹ̀ tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ lórí rẹ̀, ewúrẹ́ ọ̀hún gan-an kì í ṣe tiẹ̀. Àbúrò mi sunkún lójú gbogbo àdúgbò. Mi ò ní jẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a."

"Alhaji, mi ò purọ́."

"No problem. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ fi ẹja tó ń gun àtẹ̀gùn hàn mí kí òjò ọdún yìí tó dá, ẹ máa gbé ìyàwó yín lọ. Bẹ́ ò bá rí i fi hàn mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé ìsọ̀ Àbíkẹ́ mọ́. Pańla pọ̀ níbòmíràn."

Ládépọ̀ jáde. Ẹ̀rù bà á. Níbo ni yóò ti rí sámọ́ǹ ní Èkó?

Odò kékeré kan wà lẹ́yìn Ìbà tó ń gba inú páìpù abẹ́ títì kọjá. Ẹnu páìpù náà ga sókè lódìkejì, omi ń já láti ibẹ̀ sínú kòtò tó jìn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, Ládépọ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn, ó sì rí àwọn ẹja àrọ̀ nínú kòtò. Wọ́n fẹ́ gòkè. Wọ́n ń fò, wọ́n ń forí sọ kọnkéré, wọ́n ń ṣubú padà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bọ́ fìlà fún wọn. Ẹja tó fẹ́ gòkè ti wà. Àtẹ̀gùn ló kù.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níjọ́ kejì. Ó yí omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó to búlọ́ọ̀kù, ó gbẹ́ inú àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan jin bí abọ́, ó sì gé ẹnu fún un kí omi lè máa ṣàn látorí ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, gẹ́lẹ́ bí ti Nọ́wè. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wòran. Obìnrin kan bi í bóyá yóò kọ́ bóískọ́tà fún àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà. Ó ń po símẹ́ǹtì rẹ̀ lọ. Nígbà tó parí, ó yí omi padà sójú rẹ̀, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Badagry fún ìgbà díẹ̀, kí ẹja lè mojú ọ̀nà.

Ìgbà tó dé, àtẹ̀gùn rẹ̀ ti funfun. Wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún látòkè délẹ̀, wọ́n ri igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí èèyàn lè rí nǹkan dì mú, àwọn ìyá àgbà tó wọ sùtánà funfun sì kún orí rẹ̀, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ̀. Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Etí Omi ni wọ́n ń pe ara wọn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wẹ ìwẹ̀ àdúrà nínú odò yẹn, ẹrẹ̀ ibẹ̀ sì ti yọ̀ wọ́n ṣubú tó. Láti ìgbà Àjíǹde ni wòlíì wọn ti ń sọ pé Olúwa á rán àtẹ̀gùn sí wọn. Wọ́n wá dé odò láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá àtẹ̀gùn níbẹ̀, símẹ́ǹtì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ. Ìwọ tó ń ka èyí, kí ni ìwọ ì bá rò?

Wòlíì Fọlọ́runṣọ́ sanra, ó sì lójú àánú. Nígbà tó gbọ́ pé Ládépọ̀ ló kọ́ ọ, ó dì mọ́ ọn.

"Bíríkìlà Olúwa," ló wí. "Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Wòlíì. Ẹja ni mo kọ́ ọ fún."

Wòlíì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin rò pé ẹja lẹ kọ́ ọ fún."

Ládépọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ọṣẹ wọn ń lé ẹja, ó ní ìyàwó òun ló wà lórí àtẹ̀gùn yẹn. Wòlíì gbàdúrà sí i, ó wá ní àwọn ò lè kọ ohun tí àwọn ti tọrọ, àmọ́ àwọn á fi ọṣẹ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Òjò rọ̀, òjò dá, òjò tún rọ̀. Ládépọ̀ ń jókòó sétí odò nínú súwẹ́tà rẹ̀, ẹsẹ̀ aládúrà nìkan ló ń rí nínú abọ́ tó gbẹ́ fún ẹja. Ìyá ìjọ kan mú un bí ọmọ, ó sì ń fún un ní bísíkíìtì.

Ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò dé, tó rọ̀ láti òru di òwúrọ̀, Ládépọ̀ mọ̀ pé èyí ni ìkẹyìn. Ó sáré lọ sí Alaba. Alhaji kò jiyàn. Ó ti ìsọ̀, ó gbé agboòrùn ńlá, wọ́n ya mú Àbíkẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dé etí odò. Ìjọ náà kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń ṣe ìdúpẹ́ òjò, agogo ń dún.

Alhaji wo sùtánà lọ sùtánà bọ̀. "Ọ̀gá Ládépọ̀, ẹja lẹ ní ẹ fẹ́ fi hàn mí. Aládúrà lẹ fi hàn mí yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji, ẹ fún wọn láyè díẹ̀."

Wọ́n dúró. Omi ń já láti àtẹ̀gùn dé àtẹ̀gùn, kò sí ohun tó ń gùn ún gòkè. Alhaji wo aago. Nígbà tó yíjú sí Ládépọ̀, ìbínú kọ́ ló wà lójú rẹ̀, àánú ni, èyí ló dun Ládépọ̀ jù. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ gbìyànjú." Ládépọ̀ ń ronú àpótí tó wà nísọ̀ pańla, ẹni tí yóò tún jókòó lé e.

Àbíkẹ́ kò kúrò lójú kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣì dúró," ló wí. "Ó lè máa sinmi ni."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ìyá àgbà kan tó dúró sórí àtẹ̀gùn fi gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ní nǹkan kan gba orí ẹsẹ̀ òun kọjá. Gbogbo ìjọ wolẹ̀. Àrọ̀ kan ni, ó tóbi tó apá ọkùnrin, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì. Ó na ara sókè, ó tàkìtì, ó bọ́ sínú abọ́ kejì. Ó sinmi. Gbogbo ènìyàn ń bá a sinmi. Ó tún na ara, ó gun òmíràn, àwọn aládúrà ń yẹ ẹsẹ̀ fún un bí ẹni ń yẹ̀ fún ọba. Ó dé òkè, ó ju ìrù, ó wọ inú páìpù lọ. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Omijé bọ́ lójú Ládépọ̀, kò sì nù ún.

Wòlíì Fọlọ́runṣọ́ mi agogo rẹ̀ kíkan. "Ẹ ti rí i. Àdúrà yín ti gbé ẹja gòkè." Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀ sínú omi. Wòlíì rí Alhaji pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ lókè, inú rẹ̀ sì dùn sí i. "Bàbá Alhaji, Ọlọ́run ló mú yín wá. Ẹ wá jẹ́rìí sí agbára àdúrà."

Gbogbo ojú yí sí Alhaji. Kò lè ní òun ò rí i. Kì í purọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àdúrà ni, a jẹ́ pé òun tó ti dé Mẹ́kà yóò padà sí Alaba lọ ròyìn pé wòlíì aládúrà kan gbàdúrà, ẹja sì gun àtẹ̀gùn lójú òun. Bí kì í bá ṣe àdúrà, Nọ́wè ló kù. Ó wo Wòlíì. Ó wo súwẹ́tà. Ó tún wo Wòlíì. Ó pa agboòrùn rẹ̀ dé bí ẹni fẹ́ wọlé.

"Wòlíì, ẹ má bínú," ló wí. "Àdúrà kọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Nọ́wè nìyẹn."

"Níbo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Alhaji họ ọ̀fun. "Ẹ mú un pé Ìgàndò ni odò náà ti ṣẹ̀," ló wí, ó sì bá a lọ títí dé Navy Town, láìṣi ibì kan.

Ọdún ò tíì parí tí Ládépọ̀ fi gbé Àbíkẹ́ níyàwó. Wòlíì wá síbi ìgbéyàwó náà, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé iṣẹ́ àdúrà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ká Alhaji lára débi pé kò tún lè dákẹ́. Gbogbo Sátidé ló ń wá sísọ̀ pańla wá ṣàlàyé Nọ́wè fún àwọn oníbàárà, kí aládúrà kankan má baà tàn wọ́n. Nígbà tó yá, ó tọrọ súwẹ́tà, ó ní àwọn èèyàn á fi lè gbọ́ ọ dáadáa. Àbíkẹ́ ń gbè é lẹ́yìn. Lẹ́nu ọdún díẹ̀, àpáta ti ga ju òpó iná lọ, àtẹ̀gùn ti di alájà, sámọ́ǹ sì ti tó àgbò Alaba Rago.

Ní Sátidé kan, obìnrin kan tó wá ra pańla fetí sí tẹ̀gbọ́n tàbúrò títí, ó wá yíjú sí bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ tó jókòó lórí àpótí nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí kò tíì sọ nǹkan kan.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin gbà wọ́n gbọ́?"

Ládépọ̀ wo àna rẹ̀ tí àágùn ń da bò nínú súwẹ́tà, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Àna mi kì í purọ́," ló wí.